Nọ́ńbà Tí Ó Sọ Ààlà Rẹ̀ Nù: Àyẹ̀wò Ìjábọ̀ Ìṣirò Àfarawé Gẹ́gẹ́ Bí Àkọsílẹ̀

Ìfáàrà

Àṣà ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ni láti gbé ewì, ìtàn-àròsọ àti eré-oníṣe kalẹ̀ fún àyẹ̀wò. Àkọsílẹ̀ tí a ó gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Ìjábọ̀ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ni, èyí tí wọ́n fi ń sọ fún ọ̀gá wọn, fún oníbàárà tàbí fún ìjọba, ohun tí kọ̀ǹpútà rí nígbà tí wọ́n fi ìṣirò ṣe àfarawé afárá, ilé tàbí ọkọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ni ó kan lámèyítọ́ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn wa kò ṣòro. Ìwé yòówù tí ènìyàn kan bá kọ kí ẹlòmíràn lè kà á, kí ó sì ti ibẹ̀ ṣe ìpinnu, ó ní ìhun, ó ní ìṣọwọ́lò-èdè, ó ní ohun tí ó gbé síwájú àti ohun tí ó fi sí ẹ̀yìn. Níwọ̀n ìgbà tí ó ti ní gbogbo ìwọ̀nyí, a lè yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ ewì wò. Bí akéwì bá ṣi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀, ewì rẹ̀ ni yóò bàjẹ́. Bí ẹni tí ó ń jábọ̀ ìṣirò bá ṣi tirẹ̀ gbé kalẹ̀, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Èrò kan ṣoṣo ni bébà yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nọ́ńbà tí ó ti inú ìṣirò àfarawé jáde kì í dá dúró. Ó ní ààlà kan tí ó jẹ́ pé inú rẹ̀ nìkan ni nọ́ńbà náà ti jẹ́ òtítọ́. Ara nọ́ńbà náà ni ààlà yìí. Bí a bá kó nọ́ńbà lọ sínú àtẹ tàbí ìjábọ̀, tí a kò sì kó ààlà rẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe pé a gé ọ̀rọ̀ kúrú. A ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹnu Ibodè Mẹ́ta

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ṣe àlàyé ohun tí a pè ní ìṣirò àfarawé. Onímọ̀-ẹ̀rọ tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá òpó kan yóò lè gba ẹrù tí a fẹ́ gbé lé e kò ní láti kọ́ òpó náà kí ó tó mọ̀. Yóò ya àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, yóò sì gé àwòrán náà sí wẹ́wẹ́ bí ojú àwọ̀n apẹja. Yóò sọ irú ohun tí òpó náà jẹ́, ìbáà ṣe irin tàbí kọnkéré. Yóò sọ ibi tí a ti dè é mọ́lẹ̀ àti ìwọ̀n ẹrù tí yóò gbé. Kọ̀ǹpútà yóò wá ṣe ìṣirò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Èsì tí ó ń tibẹ̀ jáde lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà. Nígbà mìíràn ó lè tó mílíọ̀nù. Kò sí ẹni tí ó lè kà wọ́n tán. Ìdí nìyí tí a fi ní láti kó wọn jáde, kí a tò wọ́n sínú àtẹ, kí a sì ti inú àtẹ kọ ìjábọ̀.

Nínú ìrìn-àjò yìí, nọ́ńbà ń kọjá ní ẹnu ibodè mẹ́ta, oníbodè kọ̀ọ̀kan sì ń gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀. Èkíní ni ibi tí a ti ń kó o kúrò nínú ẹ̀rọ ìṣirò sínú fáìlì lásán, níbi tí kò sí ohun mìíràn ju nọ́ńbà àti kọ́mà lọ. Nínú ẹ̀rọ ìṣirò, 212.4 mọ ibi tí ó ti wá: ó mọ ojú àwọ̀n tí ó jẹ́ tirẹ̀, ó mọ ẹrù tí a gbé lé òpó, ó mọ òṣùwọ̀n tí a fi wọ̀n ọ́n. Nínú fáìlì lásán, 212.4 ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bí ẹnì kan bá rántí láti kọ ìyókù tì í.

Ẹnu ibodè kejì ni àtẹ onílà-àti-òpó tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní spreadsheet, èyí tí a ó máa pè ní àtẹ ìṣirò. Ohun tí àtẹ yìí fi hàn ojú àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀kan náà. Ká ní ìwọ̀n ìnira tí ó wà lára òpó, nígbà tí a bá fi èyí tí a gbà láàyè pín in, jẹ́ 1.004. Òpó náà ti kọjá ààlà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí àtẹ fi nọ́ńbà méjì péré hàn lẹ́yìn àmì ìdá, 1.00 ni òǹkàwé yóò rí, yóò sì rò pé ó ṣẹ́kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́. Kò sí ẹni tí ó purọ́. Bí a ti ṣe ojú àpótí náà lọ́ṣọ̀ọ́ ni ó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹnu ibodè kẹta ni ìjábọ̀ fúnra rẹ̀, níbi tí a ti ń yan nọ́ńbà díẹ̀ láti inú púpọ̀, tí a sì ń fi àwòrán aláràbarà tì wọ́n. Ó yẹ kí a kíyè sí àwọ̀ nínú àwòrán wọ̀nyí. Bí a kò bá sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó ṣe bí ó ti yẹ, nọ́ńbà tí ó ga jù lọ nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan ni yóò kùn ní pupa. Nítorí náà, pupa inú àwòrán kan lè kéré sí àwọ̀ ewé inú àwòrán tí ó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ń ṣí ìwé láti ojú-ewé dé ojú-ewé yóò máa bẹ̀rù pupa, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa balẹ̀ sí àwọ̀ ewé.

Ohun tí a ń sọ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ àrokò. Ẹyọ owó méjì tí a so pọ̀ tí wọ́n dojú kọ ara wọn ń sọ ti ìrẹ́pọ̀. Bí a bá so wọ́n pọ̀ tí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, ọ̀tá ni wọ́n ń sọ. Bí ẹni tí a rán bá tú okùn náà lójú ọ̀nà, tí ó sì da ẹyọ owó méjèèjì sínú àpò, kò jí nǹkan kan: ẹyọ owó méjì pé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fi rán an ti sọnù. Bí nọ́ńbà ti ń rí nìyẹn nígbà tí a bá tú okùn rẹ̀ ní ẹnu ibodè.

Àtẹ Tí Kì Í Ké

Nígbà tí VisiCalc jáde ní ọdún 1979, tí Excel sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1985, iṣẹ́ ìṣirò owó àti ètò ìnáwó ni ó kọ́kọ́ sọ irú àtẹ bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sọ ọ́ di àwo tí wọ́n ń bu ohun gbogbo sí. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí. Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé àwo yìí ní ìwà tirẹ̀: ó ń tún ohun tí a bù sínú rẹ̀ ṣe láì béèrè, ó sì ń pa ẹnu mọ́ nígbà tí ó bá kún.

Àpẹẹrẹ méjì tó. Àwọn onímọ̀ nípa àbùdá ń pe àbùdá kan ní MARCH1 tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, àtẹ náà yóò rò pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ni wọ́n ń sọ, yóò sì sọ ọ́ di déètì. Àṣìṣe yìí gbilẹ̀ nínú àwọn àtẹ tí wọ́n ń fi ti ìwé ìwádìí tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbìmọ̀ tí ń fún àbùdá ènìyàn ní orúkọ fi yí orúkọ náà padà sí MARCHF1. Ní ọdún 2020 ni wọ́n gbé ìlànà tí ó dá irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ láre jáde. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: kò ṣeé ṣe láti kọ́ àwo ní ìwà, ni wọ́n bá yí orúkọ oúnjẹ padà.

Èkejì burú ju èyí lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àsìkò àrùn kòrónà, ẹ̀ka ìjọba tí a ń pè ní Public Health England nígbà náà ń kó èsì àyẹ̀wò tí ó ti ilé àyẹ̀wò wá sínú àtẹ Excel irú ti àtijọ́, èyí tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Nígbà tí àtẹ náà kún, èsì tí ó kù kò rí àyè wọlé. Báyìí ni orúkọ ènìyàn 15,841 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà kò fi sí nínú iye ojoojúmọ́ láàárín ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Wọ́n sọ fún àwọn tí ó ní àrùn náà, ṣùgbọ́n wọn kò tètè wá àwọn tí wọ́n ti bá pàdé kàn. Nọ́ńbà tí àtẹ náà gbà sínú kò ní àṣìṣe kankan; ìlà tí ó wà níbẹ̀ tọ́, ó sì mọ́. Ààlà àtẹ ni kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sí ojú àtẹ.

Ojú-Ewé Kan Nínú Ọ̀ràn Columbia

Àwọn àpẹẹrẹ òkè yìí jẹ́ ti ẹ̀rọ tí ó pa ẹnu mọ́. Èyí tí ó kàn jẹ́ ti ènìyàn tí ó sọ̀rọ̀, tí ó sì sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà tí ó gbà sọ ọ́ kò jẹ́ kí a gbọ́.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2003, ọkọ̀ ojú sánmà Columbia gbéra ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 82 lẹ́yìn èyí, èkìrí fóòmù kan já láti ara táǹkì epo rẹ̀, ó sì kọlu ìyẹ́ apá òsì ọkọ̀ náà. Nígbà tí ọkọ̀ náà wà lókè, wọ́n ní kí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ kan wádìí bóyá ewu wà. Wọ́n lo ìlànà ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Crater, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ohun tí ó bá kọlu táìlì ara ọkọ̀ yóò ti wọlé jìn tó. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà wọ́n fi ojú-ewé PowerPoint jábọ̀. Ẹni tí ó gba ìjábọ̀ náà fi ẹnu ṣe àkótán rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tí ń darí ìrìn-àjò ọkọ̀ ní ọjọ́ kan náà, ìgbìmọ̀ sì gbà pé kò sí ewu fún ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì, bí ọkọ̀ náà ti ń bọ̀ wálé, ooru wọ inú ìyẹ́ rẹ̀, ó fọ́ sójú òfuurufú, àwọn méje tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Harold Gehman ṣe alága rẹ̀ gbé ìjábọ̀ tirẹ̀ jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti lo àyẹ̀wò tí Edward Tufte ṣe lórí ọ̀kan nínú àwọn ojú-ewé náà. Ojú-ewé yìí kan náà ni a fẹ́ kà níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọlé. Àkọlé náà sọ pé àyẹ̀wò èsì ìdánwò fi ìwà ìṣọ́ra hàn nípa bí nǹkan ti ń wọ inú táìlì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n lò ni conservatism. Nínú èdè àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìṣirò náà máa ń sọ pé ewu pọ̀ ju bí ó ti pọ̀ lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e yóò wà ní ìhà ààbò. Ṣùgbọ́n ta ni oníṣọ̀ọ́ra nínú gbólóhùn yìí? Ìlànà ìṣirò ni, kì í ṣe ọkọ̀, kì í sì í ṣe ìrìn-àjò. Àkọlé kò dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á kíákíá yóò gbọ́ pé ọkàn wa lè balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn kò ju pé Crater sọ àsọdùn nígbà tí a fi èkìrí kékeré dán an wò.

Lẹ́yìn àkọlé ni àwítúnwí. Ọ̀rọ̀ significant, pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀ significantly, wá nígbà márùn-ún ní ojú-ewé kan ṣoṣo. Tufte ti kíyè sí èyí. Ohun tí a fẹ́ fi kún un ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a gbìyànjú láti túmọ̀ ojú-ewé náà sí Yorùbá: a kò lè fi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ márààrún. Ní ìgbà kìn-ín-ní, ó túmọ̀ sí pé Crater sọ àsọdùn púpọ̀. Ní ìgbà kejì, ó túmọ̀ sí agbára ńlá tí fóòmù gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè wọlé. Ní ìgbà kẹta àti ìkẹrin, ìbàjẹ́ tí a ń bẹ̀rù ni. Ní ìgbà ìkarùn-ún, ó túmọ̀ sí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ jìnnà réré sí ohun tí a ti dán wò. Ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ ń tu ni lára; mẹ́ta ìkẹyìn ń dẹ́rù bani. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, òǹkàwé kò sì lè mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ yí padà. Àwítúnwí nínú oríkì ń fi ìtẹnumọ́ hàn. Níhìn-ín, ńṣe ni ó ń pa ìyàtọ̀ rẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìhun. Ojú-ewé náà tò bí àtẹ̀gùn: kókó ńlá, kókó kékeré lábẹ́ rẹ̀, èyí tí ó tún kéré sí i lábẹ́ ìyẹn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú òfuurufú wà lẹ́yìn odi ohun tí a ti dán wò; lábẹ́ èyí ni wọ́n wá kọ pé fóòmù náà tó íǹṣì kúbíìkì 1,920, nígbà tí èyí tí a fi ṣe ìdánwò jẹ́ 3. Wọn kò fi èyí pín ìyẹn. Bí a bá pín in, ìlọ́po 640 ni. Ní ojú-ewé kan náà, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà kọ ìkékúrú òṣùwọ̀n yìí, bí ẹni pé ọwọ́ mẹ́ta ni ó kọ ọ́.

Ìlọ́po 640 yìí ni ààlà tí a ń sọ. Ó wà nínú ìjábọ̀. A kò lè sọ pé wọ́n fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ó wà ni ibi tí òǹkàwé ń dé nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó sì tún burú ni pé Crater kò dákẹ́ rárá: nínú ìṣirò tí wọ́n ṣe, ó fi hàn ní àwọn ibì kan pé ìbàjẹ́ náà lè jìn ju bí táìlì ti nípọn lọ. Àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ rò pé àsọdùn rẹ̀ àtẹ̀yìnwá ni, wọ́n sì dín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù. Wọ́n gbé ìwà tí ó hù sí èkìrí kékeré lé orí èkìrí ńlá.

Ta Ni A Ó Dá Lẹ́bi?

Tufte di ẹ̀bi ru PowerPoint ju ohunkóhun lọ: ó ní irinṣẹ́ náà ń gé èrò sí wẹ́wẹ́. Ìgbìmọ̀ Gehman gba èyí gbọ́ dé ìwọ̀n kan, wọ́n sì kọ pé lílo irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ dípò ìwé ìmọ̀-ẹ̀rọ jẹ́ àmì àìsàn nínú bí àjọ náà ti ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. A fara mọ́ èrò yìí, ṣùgbọ́n a kò rò pé ó dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ojú-ewé PowerPoint kì í ṣe ìwé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìdajì ìgbéjáde ni: ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó yẹ kí ó dúró tì í, kí ó fi ohùn àti ìfaraṣọ̀rọ̀ kún un. Nígbà tí a bá fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò sí ní ìjókòó, ìdajì kejì ti sọnù. Àwa tí a ń da ìjálá àti ẹkún ìyàwó kọ sílẹ̀ ti mọ ìṣòro yìí tipẹ́: a mọ̀ pé ohun tí ó wà lórí bébà kì í ṣe ìjálá tán, a sì máa ń fi àlàyé tì í nípa ẹni tí ó sun ún, ibi tí ó ti sun ún, àti ohun tí àwọn olùgbọ́ ṣe. Irú àlàyé yìí ni kò bá ojú-ewé Columbia rìn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìn-ín-ní, ìṣirò di ojú-ewé, ojú-ewé di àkótán àfẹnusọ, àkótán di ìpinnu. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni ohùn àwọn tí ó ń ṣiyèméjì ń rẹlẹ̀ sí i.

Òwe wa kan wọ ọ̀rọ̀ yìí: bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n lè lo òwe yìí láti gbèjà ojú-ewé náà, kí wọ́n ní àwọn tí ó kọ ọ́ kàn fi ọgbọ́n jẹ́ iṣẹ́ líle fún àgbà ni. Lójú tiwa, òwe náà kò gba èyí láàyè. Ohun tí ó ní kí a tún ṣe ni ohùn tí a fi ń jẹ́ iṣẹ́. Kò ní kí a yí iṣẹ́ padà. Ẹni tí a rán pé kí ó lọ sọ fún ọba pé afárá ti já lè dọ̀bálẹ̀, ó lè kí kábíyèsí títí, ó lè fi òwe ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí ó bá dìde tí kábíyèsí kò sì mọ̀ pé afárá ti já, kò jẹ́ iṣẹ́ ẹrú, kò jẹ́ iṣẹ́ ọmọ.

Ẹ̀bi kò sì mọ sọ́dọ̀ ẹni tí a rán. Ìgbìmọ̀ olùwádìí fi hàn pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n béèrè fún àwòrán ìyẹ́ ọkọ̀ náà nígbà tí ó wà lókè, tí wọn kò rí i gbà, àti pé ńṣe ni àwọn ọ̀gá ń fẹ́ kí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ fi ẹ̀rí hàn pé ewu wà, dípò kí wọ́n fi hàn pé kò sí. Olùgbọ́ tí ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ gbọ́ ń kọ́ ẹni tí ó ń jábọ̀ bí yóò ti jábọ̀. Àkọlé tí ó tu ni lára yẹn, ìdajì rẹ̀ ni olùgbọ́ kọ.

A kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn nípa agbára àkọsílẹ̀. Táìlì ni ojú-ewé yìí ń sọ, bẹ́ẹ̀ etí iwájú ìyẹ́, tí a fi kábọ́nù ṣe, ni fóòmù náà lù. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2003 ni ìdánwò kan ní Texas fi hàn pé irú fóòmù bẹ́ẹ̀ lè dá ihò ńlá sí i lára. Àwọn ìgbà mìíràn sì wà tí ìjábọ̀ dáradára kò lè gba ọ̀rọ̀ là. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ìpìlẹ̀ kọnkéré ti Sleipner A, tí wọ́n ń kọ́ fún wíwa epo, rì sínú omi nítòsí Stavanger ní ilẹ̀ Norway nígbà tí wọ́n ń rì í sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti dán an wò. Kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n òfò náà pọ̀ jọjọ. Ojú àwọ̀n ìṣirò wọn fẹ̀ jù ní ibi kan, ìṣirò náà sì fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún bu ìnira ibẹ̀ kù. Nígbà tí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú àkíyèsí lẹ́yìn ìjàǹbá, ó fi hàn pé ògiri náà yóò ya nígbà tí omi bá ga tó mítà 62; ní tòótọ́, mítà 65 ni ó ya. Nínú ọ̀ràn yìí, inú ìṣirò ni àṣìṣe wà, kì í ṣe inú gbólóhùn. Síbẹ̀ ó bá èrò wa mu: bí ojú àwọ̀n ti fẹ̀ tó jẹ́ ara ààlà nọ́ńbà, ẹni tí a kò bá sì fi hàn kò lè bi í léèrè.

Bí A Ṣe Lè Tún Un Kọ

Lámèyítọ́ tí ó bá ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè sọ bí ìbá ti dára sí i. A fi ohun tí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ náà ti mọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an tún ojú-ewé yẹn kọ báyìí, láìfi ìmọ̀ ẹ̀yìn ọ̀ràn kún un:

Crater kò lè sọ fún wa bóyá ewu wà tàbí kò sí. Fóòmù tí ó kọlu ọkọ̀ yìí tóbi ní ìlọ́po 640 ju èyí tí a fi dán Crater wò lọ. Nínú ìṣirò tí a ṣe, ó fi hàn ní àwọn ibì kan pé ìbàjẹ́ lè jìn ju bí táìlì ti nípọn lọ. A ní ìdí láti rò pé àsọdùn ni, ṣùgbọ́n ara èkìrí kékeré ni a ti rí ìdí náà. A nílò àwòrán ìyẹ́ apá òsì kí a tó lè ṣe ìpinnu.

Gbólóhùn márùn-ún ni. Kò gùn ju ojú-ewé àkọ́kọ́ lọ, kò sì gba àsìkò ọ̀gá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ààlà ni ó ṣáájú, nọ́ńbà tẹ̀ lé e, ohun tí a ń béèrè sì parí rẹ̀. Àwọn tí ó ń sọ pé kò sí àyè fún ààlà nínú ìjábọ̀ kúkúrú yóò rí i pé ààlà ni ó tilẹ̀ mú un kúrú. Bákan náà ni a lè ṣe sí àtẹ ìṣirò: kí orí òpó kọ̀ọ̀kan gbé òṣùwọ̀n rẹ̀, kí ojú-ewé àkọ́kọ́ sọ irú ẹrù, irú àwọ̀n àti ọjọ́ tí a ṣe ìṣirò, kí iye ìlà tí ó wọlé dọ́gba pẹ̀lú iye tí ó jáde, kí a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti kà á.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú bébà yìí pé ìjábọ̀ ìṣirò àfarawé jẹ́ àkọsílẹ̀ tí ìlànà lámèyítọ́ lè ràn lọ́wọ́, àti pé ohun tí ó ń sọnù jù nínú rẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà bí kò ṣe ààlà tí ó mú nọ́ńbà jẹ́ òtítọ́. Àtẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ tirẹ̀ nù nítorí pé ẹ̀rọ pa ẹnu mọ́. Ojú-ewé Columbia sọ tirẹ̀ nù nítorí pé ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Àwọ̀n Sleipner kò fi tirẹ̀ hàn kí ọ̀ràn tó bẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa. Iṣẹ́ tí àwọn àgbà wa ṣe lórí èdè-ìperí ti fi hàn pé Yorùbá lè ní ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nìkan kò tó. Bí ọjọ́ kan bá ń bọ̀ tí a ó máa fi Yorùbá jábọ̀ ìṣirò afárá fún àwọn tí yóò gba orí rẹ̀ kọjá, a ní láti ti ìsinsìnyí mọ irú gbólóhùn tí a ó máa kọ. Òkè yìí ni a ti rí i pé ìgbìyànjú láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tú àṣírí márùn-ún. Ó dá wa lójú pé àwọn akẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí ìtúmọ̀ àti ìṣọwọ́lò-èdè lè rí púpọ̀ sí i bí wọ́n bá ya sí irú oko yìí. Ẹni tí a bá fún ní nọ́ńbà pé kí ó gbé e lọ, ẹyọ owó tí a so ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó má ṣe tú okùn náà.